Mọ̀rìwò Lẹ́nu Ọ̀nà Gbọ̀ngàn

Ojú mi báyìí ni mo fi rí i. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé òun mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Pobè lásìkò ìdìbò kọ́múnù, ìjọba ìbílẹ̀ wa, ìjelòó, ẹ bi í pé níbo ló dúró sí. Èmi, ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ni mo wà láti àárọ̀ títí gbogbo ẹ̀ fi bàjẹ́. Mi ò kàwé púpọ̀, kílásì kẹta ni mo ti jáde, ṣùgbọ́n èmi ni olórí sẹ̀ńdíkà, ẹgbẹ́ àwa tí à ń fi alùpùpù zémìjan gbé èrò. Bí mo bá ní kí alùpùpù kankan má rìn ní Pobè, kò sí èyí tí yóò rìn.

Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan níbí dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n pè é ní Ẹgbẹ́ Ìmọ̀ Ayé. Ọ̀sán Ọjọ́rú ni wọ́n ń ṣèpàdé. Wọ́n á sọ ohun tó ń lọ ní Sẹ̀nẹ̀gàl, ní Bùràsíìlì, ní ìlú tí mi ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí, wọ́n á wá bi ara wọn pé, àwa tó wà níbí ńkọ́? Ààrẹ wọn ni Ràfíátù, ọmọ Àjàṣẹ́, tí ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ ní Sakété. Èmi ni mo máa ń gbé e lọ gbé e bọ̀, nítorí náà mo máa ń jókòó lẹ́yìn pátápátá, mo ń gbọ́ wọn. Lọ́jọ́ kan wọ́n ń sọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ kan lókè òkun tó bi àwọn aláṣẹ wọn léèrè ilẹ̀ wọn ní gbangba. Mo dìde, mo ní kí ló dé tí àwọn ará Igana, àwọn àgbẹ̀ ìtòsí wa níbí, ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé èmi ni mo sọ ọ́.

Igana ní akùrọ̀ kan, ilẹ̀ tútù tí wọ́n ń gbin tòmátì àti ata sí lẹ́ẹ̀rùn. Ìròyìn ti ń lọ pé wọ́n fẹ́ tà á fún àwọn àjèjì, àti pé ọkùnrin kan tó ń du ipò nínú ìdìbò náà ló wà nídìí ẹ̀. Kámíọ̀ rẹ̀, àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń kẹ́rù, pọ̀, Oníkámíọ̀ la sì ń pè é. Ẹgbẹ́ bá pinnu láti pe gbogbo àwọn tó ń du ipò wá sí gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ ní Sátidé kan, kí àwọn ará Igana bi wọ́n léèrè lójúkojú kí wọ́n tó dìbò. Ràfíátù ní ẹni tó bá ṣèlérí níwájú èrò tó tóyẹn kò ní lè sẹ́ ẹ. Àwọn aláṣẹ gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní inú gbọ̀ngàn nìkan ni kó ti wáyé.

Kí Sátidé náà tó kò, Oníkámíọ̀ dá mọ́tò rẹ̀ dúró ní ìdíkọ̀ wa, ó sọ gíláàsì kalẹ̀.

"Présídáǹ, àwọn ọmọ ilé-ìwé tí ò ń gbé kiri yìí, ta ni bàbá wọn?"

"Èmi ni."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Sọ fún àwọn ọmọ rẹ pé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn yẹn fẹ̀ jù."

Ó lọ. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mi bi mí pé kí ló ní lọ́kàn. Mo ní ẹ̀rù wa ló ń bà á. Ṣùgbọ́n ara mi ò balẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, oòrùn ò tíì là dáadáa tí mo ti débẹ̀. Ẹ̀rín àwọn ọmọ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mọ̀rìwò tútù, tí wọ́n fà ya tín-ín-rín, ni ẹnìkan ti so láti òpó kan ẹnu ọ̀nà dé ìkejì. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n jẹ́ ará Kútọnu wà lábẹ́ ẹ̀, wọ́n ń ya fọ́tò. Ràfíátù sáré wá bá mi; Tọ́ntọ̀n ló máa ń pè mí, bí ẹni ń pe àbúrò bàbá rẹ̀. Àárín ìsọ̀ aṣọ àti ilé kéwú lòun dàgbà sí.

"Tọ́ntọ̀n, ẹ wo bí àwọn ará ìlú ṣe bá wa ṣe ẹnu ọ̀nà lọ́ṣọ̀ọ́."

Orí mi wú. "Ràfí, kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ yín ni."

Mo ṣàlàyé fún wọn pé ẹni tó so ó nìkan ló lè tú u, àti pé àgbẹ̀ Igana kankan ò ní kọjá lábẹ́ ẹ̀. Ẹ̀rín kú. Ọ̀kan nínú wọn sì ti fi fọ́tò náà ránṣẹ́ káàkiri ìlú.

Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ sẹ̀ńdíkà mi fi gbé àwọn ará Igana dé, alùpùpù tò rẹrẹẹrẹ. Kò sí ẹlòmíì ní Pobè tó lè kó irú èrò bẹ́ẹ̀ jọ. Ojú títì ni gbogbo wọn dúró sí. Bàbá Ìdòwú, olórí wọn, sọ̀kalẹ̀, ó ṣí fìlà.

"Ta ló so ó?"

"A ò mọ̀, Bàbá," Ràfíátù ní.

"Ẹ ò mọ̀. Ẹ sì ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ ẹ̀." Wọ́n ti fi fọ́tò náà hàn án lọ́nà.

Ràfíátù kúnlẹ̀ sínú eruku, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n ṣèpàdé náà lábẹ́ igi máńgòrò òdìkejì títì. Ojú Bàbá rọ̀ díẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ti jókòó. Ìgbà yẹn ni àwọn ọlọ́pàá tó ti ń wò wá láti àárọ̀ wá sún mọ́ wa. Ọ̀gá wọn ò pariwo. Ó ní inú gbọ̀ngàn ni wọ́n gbà wá láyè, ẹni tó bá kóra jọ níta ti rú òfin.

"Ẹ wọlé, tàbí kí ẹ máa lọ sílé."

Bàbá Ìdòwú wo mọ̀rìwò, ó wo ìbọn, ó dé fìlà rẹ̀ padà. Àwọn alùpùpù yí orí padà. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà tó fẹ̀ jù tó yé mi: mọ̀rìwò dí inú, ọlọ́pàá dí ìta.

Oníkámíọ̀ gba ẹnu ọ̀nà kékeré ẹ̀yìn wọlé, òun àti ẹni tó ń ya fọ́tò fún un. Àwọn yòókù tó ń du ipò ò wá. Èmi àti Ràfíátù gba ẹ̀yìn tẹ̀ lé e. Ó jókòó kọjú sí àwọn àga òfìfo.

"Mo ti dé. Àwọn ará Igana dà? Wọn ò ní ìbéèrè."

"Èmi ní," Ràfíátù ní. "Ta lẹ ta akùrọ̀ Igana fún?"

"Ìwọ ní ilẹ̀ ní Igana? Lọ bá ìyá ẹ wọn aṣọ ní Sakété."

Mo ní kó dá ọmọ náà lóhùn. Kò sẹ́ni tó lè bá a sọ irú ẹ̀ nígbà yẹn àfi èmi. Ó dìde, ó ní kí ẹni tó ń ya fọ́tò fún un máa bọ̀, wọ́n bá ẹ̀yìn jáde.

Oníkámíọ̀ ló wọlé ìbò. Fọ́tò abẹ́ mọ̀rìwò ń kiri lórí fóònù, wọ́n kọ ọ́ sí i pé àwọn ọmọ náà ló so ó láti fi Igana ṣe yẹ̀yẹ́, Igana sì gbà á gbọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ wá dáná sun alùpùpù méjì ní ìdíkọ̀ wa. Katapílà wọ akùrọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tú ẹgbẹ́ ká, wọn ò sì gba Ràfíátù padà. Aṣọ ló ń wọ̀n ní Sakété báyìí. Bí mo bá gbé èrò kọjá, yóò ní, "Tọ́ntọ̀n, ẹ káàsán," èmi náà yóò kí i, èmi á sì máa bá ọ̀nà mi lọ.

Ohun tá a rí jèrè níbẹ̀ ni pé wọ́n béèrè ìbéèrè náà lójú Oníkámíọ̀, kò sì tíì dáhùn títí dòní. Àwọn ọmọ tuntun ti tún ń jókòó lọ́jọ́rú, wọ́n sì ti wá bẹ̀ mí pé kí n bá wọn kó Igana wá. Mo ní ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sọ fún Bàbá Ìdòwú pé kì í ṣe àwọn ọmọ ló so ó. Gbèsè tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Mo ti lọ. Àwọn ará Igana ò jẹ́ kí n sọ̀kalẹ̀ lórí alùpùpù. Mọ̀rìwò náà ti gbẹ, ó ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni gbogbo àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń gbà.

Ohun tó lọ nìyí: akùrọ̀ kan, láti etí odò dé ojú títì. Ìdìbò kan. Ẹgbẹ́ kan. Alùpùpù méjì. Ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin kan.