Oògùn Tí Ẹfúnwùmí Pín

Kò sí obìnrin tó mọ ẹyìn tẹ̀ bíi Ẹfúnwùmí ní gbogbo Ikpinlè! Ní àwọn ọdún tí òmìnira Dàhòmì ṣì tuntun, bó bá ti wọ inú kòtò ẹyìn, tó di ọ̀pá mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa lọ sókè sódò, epo á sì máa léfòó lójú omi. Òun, Ìyábùnmi àti Àgbékẹ́ ni wọ́n jọ ń tẹ̀ ẹ́. Òfin kan ló so wọ́n pọ̀: ohunkóhun tí ọwọ́ ẹnì kan bá tẹ̀, ìbáà ṣe iṣu sísun kan ṣoṣo, ọ̀nà mẹ́ta ni.

Òfin yìí ló kó bá a. Ẹ̀gún ọ̀pẹ gún un lọ́rùn ẹsẹ̀, ibẹ̀ di egbò. Zacharie, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tọ́jú aláìsàn ní Adja-Ouèrè, fún un ní ogún hóró oògùn: méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́, fún ọjọ́ márùn-ún. Ẹfúnwùmí gbé e dé ìdí kòtò, ó fún àwọn méjèèjì ní mẹ́fà-mẹ́fà, ó mú mẹ́jọ, torí òun ló lẹ́sẹ̀. Àgbékẹ́ fi tiẹ̀ wo ẹ̀yìn ríro!

Egbò kọ́kọ́ fẹ́ gbẹ. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ó wú, ó ń ṣọyún. Zacharie tún fún un ní oògùn kan náà; lọ́tẹ̀ yìí, ìrora ò jẹ́ kó pín in, ó lò ó tán pátápátá. Òfo! Bí ọyún náà bá wọ egungun, wọ́n lè gé ẹsẹ̀ náà.

"Màmá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Hóró àkọ́kọ́ yẹn, ṣé inú yín ni gbogbo rẹ̀ lọ?"

"Inú wa ni, Dókítà. Àwa mẹ́ta. Mẹ́jọ ni tèmi."

Zacharie kawọ́ lérí. "Ẹ pín in?"

"Ṣé kí n máa dá a gbé mì níṣojú wọn ni?"

Zacharie rẹ́rìn-ín títí. "Kòkòrò tí ojú ò lè rí ló wà nínú egbò yẹn. Àwọn kan le ju àwọn yòókù lọ. Oògùn ọjọ́ méjì pa àwọn tó rọ. Àwọn tó le wá ráyè bímọ, ọmọ wọn sì le bíi tiwọn. Oògùn yẹn ò ràn wọ́n mọ́."

"Áà! Èmi ni mo bá wọn ṣán oko?"

"Ẹ bá wọn ṣán an mọ́ tónítóní!"

Ó fi òwú nu ọyún náà, ó fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò ní Àjàṣẹ́. Ẹ wo ọgbọ́n o! Wọ́n gbin kòkòrò náà síbẹ̀ bí ẹni gbin àgbàdo, wọ́n fi oríṣiríṣi oògùn sí i. Èyí tí kòkòrò ò lè hù nítòsí rẹ̀, òun ni wọ́n mú.

Zacharie gbé oògùn tuntun náà dé. Àgbékẹ́ bèèrè pé òfin ńkọ́?

"Wàhálà rẹ̀ la máa pín," Ìyábùnmi dáhùn. "Èmi á wá láàárọ̀, ìwọ lálẹ́. Ká rí i pé ó gbé e mì."

Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko! "Yanu!"

"Ṣé ọmọ ẹyẹ ni mí?"

"Ẹyẹ wo ló lẹ́nu tó báyìí? Yanu jàre!"

Lọ́jọ́ kọkànlá, Zacharie tẹ ibẹ̀ wò. Kò sí ọyún. Nígbà tó ṣe, awọ tuntun bò ó, ó sì yọ̀ǹda kí Ẹfúnwùmí padà sẹ́nu iṣẹ́. Zacharie náà wá wòran nídìí kòtò. Ìyábùnmi ní kí Ẹfúnwùmí rọra. Ta ló ń rọra? Epo ti ta dé àyà ẹ̀wù funfun Zacharie, ó sì ń pàtẹ́wọ́.