Àárín Bẹ́ńṣì Bàbá Mi

Òórùn gọ́ọ̀mù ló jí mi láàárọ̀ Sátidé tí àwọn ará ilé ọkọ àfẹ́sọ́nà Àǹtí Bọ́lá, ẹ̀gbọ́n mi, ń bọ̀ wá mọ̀ wá. Bàbá mi ti ra pákó gbọọrọ kan l'Ágbójú láti fi kan bẹ́ńṣì tí wọn yóò jókòó lé. Ṣùgbọ́n òkè pátápátá là ń gbé ní Festac, pákó náà kò sì ráyè yí kọ́nà àtẹ̀gùn. Bàbá fi ayùn gé e sí méjì nísàlẹ̀. Nígbà tó gbé e gòkè tán, ó fi orí ìkíní kan orí ìkejì, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n, ó gbá ìṣó mọ́ ọn. Ó parí.

Màmá wò ó títí. "Bàbá Bọ́lá, àgbò ló ń forí kanrí, wọn kì í sì í pẹ́ túká."

"Ìwọ ṣáà máa bójú tó ọbẹ̀ rẹ."

Síbẹ̀, Bàbá pè mí sí kọ̀rọ̀. "Ìwọ lo fúyẹ́ jù nílé yìí. Jókòó sí àárín, lórí ibi tí mo ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ yẹn, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ. Tó bá dá, wọn á ní ilé tí kò ní àga làwọn ti fẹ́ fẹ́ ìyàwó, wọn á bá tiwọn lọ."

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Inú mi dùn pé wọ́n fún mi níṣẹ́.

Àwọn àlejò jókòó lọ́tùn-ún lósì mi. Bẹ́ńṣì ké díẹ̀, ó dúró. Ìgbà náà ni àbúrò bàbá ọkọ wọlé, ọkùnrin gìrìwò nínú agbádá. "Ọmọ dáadáa, sún fún mi díẹ̀."

Bàbá mi kan náà ló máa ń sọ fún wa pé, "Ọmọ tí kò bá yẹra fún àgbà, ilẹ̀ ni yóò jókòó lé." Mo wo ojú Bàbá. Ó ń mirí sí mi, òógùn bò ó. Àgbà sì dúró lórí mi. Mo sún.

Gbàà!

Gbogbo ìdílé ọkọ dà sílẹ̀, ọ̀pọ̀ dojú bolẹ̀. Inú agbádá ni wọ́n ti fà mí jáde, mo ń ké pé mo ti kú. Àǹtí Bọ́lá fọwọ́ bojú, ó ń sunkún. Ìyá bàbá mi, tó ń gbé pẹ̀lú wa, ló rọra gbé ife omi rẹ̀ sílẹ̀.

"Ó tó bẹ́ẹ̀, ẹ dìde. A ti rí ìdọ̀bálẹ̀ yín. Ìdílé tó dọ̀bálẹ̀ tọkùnrin tobìnrin, kí wọ́n tó sọ ohun tí wọ́n wá ṣe, a ò rírú ẹ̀ rí. Ọmọ ti di tiyín."

Alágbádá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nílẹ̀ níbẹ̀. "Ẹ ṣé, ìyá wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ìyókù lórí ìdúró."

Àǹtí Bọ́lá àti ọkọ rẹ̀ ń gbé l'Ámúwò báyìí. Bẹ́ńṣì náà wà ní fàràńdà wọn, ọkọ rẹ̀ ti fi irin pẹlẹbẹ dì í lábẹ́. Ó ní tírélà Mile 2 pàápàá lè dúró sórí rẹ̀.

Èmi ti lé ní àádọ́ta ọdún, n kì í sì í jókòó sórí àga kí n má kọ́kọ́ wo abẹ́ rẹ̀. Ojú máa ń ti àwọn ọmọ mi tí a bá jọ jáde. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ Àǹtí ní, "Ìyàwó kékeré, jókòó, jàre." Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ tẹ irin náà. Ó le. Mo ní ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ nà, mo bá dúró.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ kan ti jókòó rí sí àárín bẹ́ńṣì yìí nígbà tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò tíì gbẹ. N kò mọ ibi tó ti rí irú àyà bẹ́ẹ̀.