Ògiri Tí Bàbá Wa Mọ

Ó-Gún-Régé ni gbogbo èèyàn ń pe ẹ̀gbọ́n mi. Bíríkìlà ni. Bí tábìlì bá mì díẹ̀, á kọ́kọ́ wá pákó kì sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó jẹun. Èmi àbúrò rẹ̀ obìnrin ti bá a jà lórí ọ̀rọ̀ yìí títí, ó ti sú mi. Ọ̀dọ̀ bàbá wa ló ti kọ́ ọ. Bí bulọ́ọ̀kù kan bá yẹ̀ báyìí, bàbá á wó gbogbo ẹ̀, á sì gbá a létí. Ẹ̀gbọ́n mi ti pé ọgọ́ta ọdún, síbẹ̀ ó gbà pé ọwọ́ òun ò lè tó ti bàbá láéláé.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi yàrá kan kún ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, òun ni wọ́n pè. Bàbá wa ló mọ yàrá méjì àkọ́kọ́. Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn dẹ́yìn.

Lọ́jọ́ kẹta, ó sọ okùn tó ní irin nídìí, tí wọ́n fi ń wò ó bóyá ògiri gún, kalẹ̀ sí ìta ògiri bàbá, kó lè so tuntun mọ́ ọn. Ògiri náà fì síta ní ìka méjì. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹrin. Èmi nìkan ló sọ fún.

"Ayàwòrán ilé tó ń bójú tó iṣẹ́ yìí ti ní bí ògiri àtijọ́ yẹn bá ń ṣubú lọ, wíwó ni," ó ní. "Tí mo bá sọ, wọ́n á wó iṣẹ́ bàbá. Tí mi ò bá sọ, tó bá wó lu èèyàn ńkọ́?"

"Àbí okùn yín ló mutí yó?"

Kò rẹ́rìn-ín. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ sọ òótọ́. Ayàwòrán ilé náà, obìnrin kan tí kì í fọ̀rọ̀ falẹ̀, ní kó gbẹ́ sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ inú ògiri náà. Nísàlẹ̀, sìmẹ́ńtì yẹn fẹ́lẹ́. Lókè, ó fi ìka méjì nípọn ju tìsàlẹ̀ lọ, ojú ògiri nínú sì ṣì gún régé. Bàbá ló mọ ọ́n wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó wá fi sìmẹ́ńtì bo àṣírí ara rẹ̀! Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Ti bàbá wa lo àádọ́ta.

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá yìí! Bàbá tó ń gbá mi létí!"

Obìnrin náà yẹ ìpìlẹ̀ wò, ó wá ibi tó sán, kò rí. "Ògiri yìí ò lọ síbì kankan," ó ní. "Ẹ fi ibi tẹ́ ẹ gbẹ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. A máa fi gíláàsì bò ó, káwọn èèyàn rí bí wọ́n ṣe mọ ilé yìí. Kí la máa kọ sábẹ́ rẹ̀?"

Mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi á ní kí wọ́n má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ẹ kọ orúkọ bàbá mi," ó ní. "Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ pé èmi ọmọ rẹ̀ ni mo so tèmi mọ́ ọn."