Ọjọ́ Tí Cadi Tẹ Bọ́tìnnì Pupa

Tí ẹ bá gbọ́ tí ẹnikẹ́ni ní ìlú wa Cwm Ellyn ń sọ pé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe ẹ̀kọ́ gidi, ẹ bá mi sọ fún un pé kó dìde lórí àga tó jókòó sí. Ẹnìkan ló kọ́kọ́ ro àga yẹn nínú ọkàn rẹ̀ kó tó di àga. Nerys Probert ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, mo sì ti jí ọ̀rọ̀ náà lò láìmọye ìgbà, torí ẹ̀ka kan náà la jọ wà nílé-ìwé. Òun ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń ro ohun tuntun, tí wọ́n ń yà á, tí wọ́n sì ń fi igi àti irin ṣe é. Èmi Mair ń kọ́ wọn ní oúnjẹ sísè ní yàrá kejì. Ilẹ̀kùn onígíláàsì kan ló wà láàárín wa. Òórùn búrẹ́dì mi á lọ máa dà wọ́n láàmú, ẹ̀rún igi tiwọn náà á sì wá bà sórí ìyẹ̀fun mi. A jà sí i títí ìjà fi sú wa.

Láàárọ̀, nígbà tí ìkùukùu bá sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè tó wá fara ti fèrèsé, Nerys kì í tètè jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan pẹ́ńsù. Á ní kí gbogbo wọn dijú.

"Ta ló máa lò ó?"

"Ìyá mi àgbà, Míìsì."

"Ọwọ́ wọn ńkọ́?"

"Ó máa ń gbọ̀n. Wọn ò lè gbé kẹ́tùlù mọ́."

"Ó dáa. Má lajú o. Wo ọwọ́ yẹn dáadáa. Kí ló ń wá?"

Yàrá náà á wá dákẹ́ bí ilé tí ọmọ jòjòló ti ń sùn. Àwọn ọmọ tèmi tó ń po ìyẹ̀fun á dáwọ́ dúró lẹ́yìn gíláàsì, àwọn náà á dijú láìsí ẹni tó ní kí wọ́n dijú. Mo ti bá wọn dijú rí. Mo rí ìyá mi, tó ti kú, tó ń wá ìdérí ìkòkò kan. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá Nerys ló máa ń gé igi tí wọ́n fi ń ti òrùlé ibi tí wọ́n ti ń wa èédú nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ahéré iṣẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, ibẹ̀ ni ọmọ náà dàgbà sí. Nígbà tó wọlé ẹ̀kọ́, wọ́n ní kí àwọn obìnrin lọ ránṣọ, kí àwọn ọkùnrin lọ mú ayùn. Ojoojúmọ́ ló ń lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà àwọn ọkùnrin, títí tíṣà fi bi í pé, "Ọmọ yìí, ṣé igi lo fẹ́ fi ṣiṣẹ́ ni àbí ilẹ̀kùn lo fẹ́ dà?" Bó ṣe wọlé nìyẹn, kò sì jáde mọ́. Ọkọ rẹ̀ Idris, kó tó kú, máa ń ráhùn pé lójú oorun gan-an, ọwọ́ Nerys á máa rìn lórí aṣọ ìbora, á máa so igi tí kò sí níbẹ̀ pọ̀.

Òfin kan wà tó máa ń rán wọn létí nígbà gbogbo. Bọ́tìnnì pupa kan wà lára ògiri. Ẹnikẹ́ni tó bá rí ewu, ọmọdé tàbí àgbà, kó lọ tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ẹ̀rọ á kú lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo èèyàn á gbé ọwọ́ sókè, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ pariwo. Nerys á kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́, á wá bi í pé, "Kí lo rí?" Onítọ̀hún á sì dáhùn lójú gbogbo kíláàsì. Ẹni tó bá fi ṣeré kò ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ mọ́ títí táàmù á fi parí. Kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́rùn Nerys nìkan ló lè jí àwọn ẹ̀rọ náà padà.

Ohun tí a ò mọ̀ ni pé ojú rẹ̀ ti ń lọ. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi, inú sì bí mi débi pé mo sọ aṣọ ìnuwọ́ lù ú. Etí ohun gbogbo ló ń rí, àárín rẹ̀ ti di ìkùukùu. Ó ní bí òun bá wò mí, etí mi méjèèjì pé, ṣùgbọ́n imú mi ti lọ síbi tí kò dágbére. Gbogbo wa rò pé ó kàn ń ronú jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni. Ó ń kọ́ni pẹ̀lú ìrántí àti etí, ó sì mọ̀ pé ọjọ́ tí ilé-ìwé bá gbọ́, wọ́n á mú òun kúrò nínú yàrá yẹn. Kò sì ní ibòmíràn tó wù ú láti wà láyé.

Cadi Beynon, ọmọ tó sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà yẹn, ló ń ṣe ohun kan tí kẹ́tùlù wọn á máa jókòó lé, tó máa rọra da omi rẹ̀ fún wọn láìjẹ́ pé wọ́n gbé e. Iṣẹ́ ìdánwò rẹ̀ ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta, oòrùn yọ díẹ̀, ẹ̀rún igi sì ń fò nínú ìmọ́lẹ̀ bí ẹni ń lá àlá. Nerys ń fi bí wọ́n ṣe ń lu igi níhò hàn wọ́n lórí ẹ̀rọ. Ó pa ẹ̀rọ náà, ó sì na ọwọ́ láti gbá ẹ̀rún igi kúrò lábẹ́ rẹ̀. Àṣé kò pa á. Ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ọwọ́ rẹ̀ bà, ìyẹn ló dákẹ́ tó gbọ́. Irin tó wà lókè ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń yí.

Láti ẹ̀yìn gíláàsì, Cadi tó ń sáré ni mo rí. Ó gbá bọ́tìnnì náà pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́. Gbogbo nǹkan kú, gbogbo ọwọ́ lọ sókè. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lọ́jọ́ yẹn, ọmọ ló wà níbẹ̀ tí ìka àgbà ò fi bọ́.

"O ṣeun, Cadi," Nerys ní. "Kí lo rí?"

Cadi wo ọwọ́ Nerys, ó wo ojú rẹ̀. Mo ti ṣílẹ̀kùn nígbà yẹn, ìyẹ̀fun ló kún ọwọ́ mi.

"Mi ò rí nǹkan kan, Míìsì."

"O ò rí nǹkan kan?"

"Mo ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ ni. Ìgbọ̀nwọ́ mi ló gbá a."

"Irọ́ ńlá!" Gethin ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. "Ìgbọ̀nwọ́ wo ló ń sáré láti ibẹ̀ yẹn dé ibí?"

"Gethin, pa ẹnu ẹ mọ́. Ìwọ tó o fi gúlù lẹ ìka ara ẹ mọ́ tábìlì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun." Nerys yíjú padà. "Cadi, o mọ òfin. Wàá kúrò nídìí ẹ̀rọ títí táàmù á fi parí."

"Mo mọ̀."

"Iṣẹ́ ìyá rẹ àgbà ò ní parí nìyẹn."

"Mo mọ̀, Míìsì. Màá fọwọ́ ṣe èyí tí mo bá lè ṣe."

Nerys fi ìka kan pa ẹ̀yìn ìka kejì, níbi tí afẹ́fẹ́ irin náà ti fẹ́ kọjá. Gbólóhùn kan péré ló kù kó sọ, pé ó dáa bẹ́ẹ̀, kí ọmọ náà jẹ ìyà, kí òun yí kọ́kọ́rọ́, kí gbogbo wa máa bá ayé wa lọ. Mo fẹ́ kó sọ ọ́. Ẹ má fi ojú burúkú wò mí, mo fẹ́ràn rẹ̀ ni.

"Cadi ò ṣèèṣì," ó ní. "Ọwọ́ mi ló rí. Irin yẹn ṣì ń yí, èmi ni mi ò rí i. Ó ti pẹ́ tí mi ò ti ríran dáadáa, mo sì ń dúró sídìí ẹ̀rọ pẹ̀lú yín. Mi ò yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀."

Ó yíjú sí Cadi.

"O ṣeun, Cadi. Ọpẹ́ àkọ́kọ́ yẹn, ẹnu lásán ni."

Ọmọ náà bú sẹ́kún. "Wọ́n máa ní kí ẹ lọ, Míìsì. Èmi ni mo fà á."

"Wò wọ́n." Nerys na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú. "Ṣé wọ́n pé?"

"Wọ́n pé."

"Ohun tó o fà nìyẹn."

Kò yí kọ́kọ́rọ́ náà. Ó ní kí wọ́n mú ayùn ọwọ́ àti sáńpépà, kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ.

"Mair, dúró tì wọ́n."

"Búrẹ́dì mi ń jó o!"

"Jẹ́ kó jó."

Ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó dúró níbẹ̀, ó na ọwọ́ sẹ́yìn láìwo ẹnikẹ́ni.

"Cadi, wá mú mi dé ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé. Rọra o. Mi ò rí àtẹ̀gùn yẹn láti ìgbà Kérésìmesì."