Ẹsẹ̀ Ìyá Ìjan

Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí n wá ya fọ́tò àwọn àgbà oníṣòwò Èkìtì, kóòtù kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo wọn láti wọ̀.

Ọdún díẹ̀ ṣáájú ogun àgbáyé kejì ni. Ẹgbẹ́ oníṣòwò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ gbọ̀ngàn ìpàdé sí ẹ̀gbẹ́ Ọjà Ọba l'Ádó, wọ́n sì pinnu pé àwọn yóò gbé àwòrán àwọn tó la ọ̀nà òwò nílẹ̀ wa kọ́ sára ògiri, kí àwọn ọmọ tí a kò tíì bí lè mọ̀ wọ́n. Èmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ fọ́tò tán ní Ìbàdàn ni, n kò sì tíì ṣe iṣẹ́ kan tó ju ti ọkọ àti ìyàwó lọ. Bí mo bá ba èyí jẹ́, ta ni yóò tún pè mí?

Bàbá Fámúyìwá, ará Ìyìn tó ń ra kòkó, ni alága. Òun ló ni kóòtù. Ó ní gbogbo ẹni tí a fẹ́ bọ̀wọ̀ fún gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Alága sanra dáadáa. Bàbá Sálámì tó ń ta awọ sì tín-ín-rín bí ọ̀pá. Mo fi abẹ́rẹ́ há kóòtù náà mọ́ ọn lẹ́yìn, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má mí kanlẹ̀. Láti àyà sókè ni ọ̀gá mi kọ́ mi láti máa yà, nítorí náà kò sẹ́ni tó bìkítà nípa ìsàlẹ̀. Alága wọ kóòtù lókè, ó wọ ṣòkòtò oko nísàlẹ̀, ó sì jókòó bí ọba.

Ìyá Ìjan ló kàn, obìnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn. Kí ọkọ̀ akẹ́rù tó mọ ọ̀nà wa ni ìyá yìí ti ń ru iyọ̀ àti aṣọ láti Iléṣà wá sí Adó, títí dé Ìjan. Ó wo kóòtù náà, kò fọwọ́ kàn án. Ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ wo inú ẹ̀rọ. Alága padà sórí àga kí ìyá lè rí nǹkan wò, mo sì gbé aṣọ dúdú tí a fi ń bo orí sókè fún un.

Láti abẹ́ aṣọ ló ti béèrè pé, “Kí ló dé tí alága fi dorí kodò?”

“Bí ẹ̀rọ ṣe ń rí i nìyẹn, Ìyá. Yóò tọ́ tí mo bá tẹ̀ ẹ́ tán.”

“Ẹsẹ̀ rẹ̀ wá dà?”

“A kì í ya ẹsẹ̀, Ìyá.”

Ó yọ orí jáde. “Ṣé àyà ni mo wá fi rìn láti Iléṣà?”

Alága ní, “Ìyá, férémù kan náà la ṣe fún gbogbo wa. Bí a bá ya ẹsẹ̀ yín, ojú yín yóò kéré.”

“Kó kéré. Wọ́n mọ ojú mi lọ́jà. Ẹsẹ̀ ló ṣe uṣẹ́.”

Alága yíjú sí mi. “Onífọ́tò, bí mo ṣe wí ni kó o ṣe.”

Àwo jígí kan péré, èyí tí àwòrán máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí, ló ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́. Mo wo alága tó gbé iṣẹ́ fún mi. Mo wo ẹsẹ̀ ìyá: ó fẹ̀, gìgísẹ̀ rẹ̀ ti sán, èékánná àtàǹpàkò kan sì ti ṣí lọ. N kò lè gbójú kúrò níbẹ̀. Mo gbé ẹ̀rọ mi, mo fà á sẹ́yìn títí ẹsẹ̀ ìyá fi wọ inú rẹ̀. Alága pòṣé, ó jáde.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà, iwájú àwòrán Ìyá Ìjan ni èrò kún sí. Alága náà dúró síbẹ̀, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ìyá fúnra rẹ̀ wọlé. Kò tilẹ̀ wo ojú ara rẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ó wo ẹsẹ̀ náà pẹ́.

“Ẹ kú ìrìn,” ló wí fún ẹsẹ̀ náà.

Alága ló bá ẹsẹ̀ náà dáhùn: “Òo.”

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, alága wá sí ṣọ́ọ̀bù mi tòun ti bàtà tuntun nínú bébà. Ó ní kí n tún òun yà, látòkè délẹ̀. Bàtà náà há. Nígbà tí mo tẹ àwòrán náà tán, ojú Bàbá fà ro bí ẹni tó jẹ orógbó. Mo ní kí ó jẹ́ kí a yà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

“Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀,” ni Bàbá Fámúyìwá wí, ó ń bọ́ bàtà. “Ẹni tó bá rí i yóò mọ̀ pé òwò ò rọrùn.”