Èèrà Lórí Ẹ́ńjìnnì Alhaji

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo gba fìríìdọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi ní Agó-Ìwòyè ni Alhaji Yẹ́kínì, oníṣòwò gẹdú, ránṣẹ́ pè mí sílé rẹ̀ ní Òkè-Àgbò. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé oúnjẹ àárọ̀. Nígbà náà, tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣì ń ṣàkóso wa láti Ìbàdàn, mélòó ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ládùúgbò wa? Mo de àpótí irinṣẹ́ mi mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, mo ń súfèé lọ.

Ohun tí mo bá níbẹ̀ kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Làsísì, tó ti ń wa ọkọ̀ fún Alhaji láti ọdún méje, dúró lábẹ́ igi ọsàn, ó káwọ́ sẹ́yìn. Alhaji ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ Jímọ̀ ni ọkọ̀ náà ti ń gbọ̀n gìrìgìrì, kò lè gun òkè kankan mọ́, ó sì dá òun lójú pé Làsísì ló bu kẹrosíìnì mọ́ pẹtiróòlù. Kí n ṣáà tún un ṣe, nítorí òun ń lọ sí Abígí lọ́la, dírẹ́bà mìíràn ni yóò sì wà á.

"Mé è bu kẹrosíìnì sí i," ni Làsísì wí.

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Èèrà díẹ̀ ń rìn kiri lórí ẹ́ńjìnnì, n kò kà wọ́n sí. Mo ní kí Alhaji ta ọkọ̀ náà jí, bó sì ṣe dáhùn ni mo ti mọ̀ pé ó ń mísì. Sílíńdà mẹ́rin ni pẹtiróòlù ti ń jó nínú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀kan bá kọ̀ tí kò jó, ńṣe ni yóò dà bí ìgbà tí èèyàn mẹ́rin gbé ìtì igi, tí ẹnì kan jọ̀wọ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ìyẹn là ń pè ní mísì.

Ọ̀gá mi a máa sọ fún mi pé kí n bi ẹ́ńjìnnì léèrè kí n tó tú u. Mo fi aṣọ gbígbẹ di wáyà púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí sílíńdà kìíní mú, mo yọ ọ́. Ẹ́ńjìnnì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Mo dá a padà. Ìkejì ṣe bákan náà. Mo yọ ìkẹta, ẹ́ńjìnnì ò tilẹ̀ mọ̀ pé mo yọ nǹkan kan. Ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́! Mo sọ fún Alhaji pé ká ní kẹrosíìnì ni, sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ì bá máa ráhùn. Ó ní iṣẹ́ ni òun pè mí fún, kì í ṣe ẹjọ́.

Mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì kẹta pẹ̀lú ti ìkejì. Ìkẹta náà ni kò ṣiṣẹ́. Mo pààrọ̀ wáyà wọn, ìkẹta náà ni. Ó ku ìdérí dísítíbútọ̀, ìyẹn ike dúdú tó ń pín iná fún gbogbo púlọ́ọ̀gì. Ìgbà yẹn ni mo rántí èèrà. Kí ni wọ́n ń wá níbẹ̀? Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo fi ìka kan ike náà, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo tọ́ ọ wò. Oyin! Ìka mi sì dúdú, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ́ìlì. Ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣàn láti ẹnu wáyà kẹta lọ bá irin. Tàdáwà ni, yíǹkì àwọn alfa. Ẹnì kan ti da omi hàntú síbẹ̀, omi tí alfa fi fọ àyọkà Kùráànì kúrò lára wàláà, tí wọ́n po oyin mọ́. Èédú inú tàdáwà náà ni iná ń gbà sá sára irin, tí kì í fi í dé ọ̀dọ̀ púlọ́ọ̀gì.

Mo fi aṣọ tí mo rẹ sínú pẹtiróòlù nù ún tónítóní, mo dúró kí ó gbẹ dáadáa, Alhaji sì tún ta á jí. Sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbà á lẹ́ẹ̀kan náà! N kò mọ ìgbà tí mo fò sókè.

Alhaji sọ̀ kalẹ̀, ó bọ́ sí iwájú mi, ó bi mí pé kí ló ṣe é. Bí mo ṣe fẹ́ la ẹnu ni mo rí Làsísì lẹ́yìn rẹ̀ tó ń mi orí sí mi. Mo ní omi ló kán sí i.

"Omi wo?"

"Èmi ni mo dà á." Ìyá Alhaji ló sọ̀rọ̀, láti ẹnu ọ̀nà. Alfa ló gbé hàntú wá lọ́jọ́ Jímọ̀ nítorí ìrìn Abígí. Làsísì sì ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ó lọ pọn omi tó fẹ́ bù sí i. Màmá ro ó pé inú ẹ́ńjìnnì gan-an ló yẹ kí àdúrà wọ̀. "Làsísì dé bá mi níbẹ̀. Ó rí mi."

Alhaji yíjú sí dírẹ́bà rẹ̀, ó bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ.

"Ìyá yín ni, sà," ni Làsísì wí. "Ṣé kí n ní àwọn ló ba ọkọ̀ jẹ́?"

Alhaji na kọ́kọ́rọ́ sí Làsísì, ọwọ́ méjèèjì ló sì fi nà án, òun tó ju Làsísì lọ ní ogún ọdún. Omi bọ́ lójú mi, mo díbọ́n pé pẹtiróòlù ló ta sí i.

Màmá ní kí n fi ibi tí òun yóò máa dà á sí han òun. Mo fi ìdí táyà hàn wọ́n. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi mọ ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ béèrè bí ọkọ̀ bá ń mísì: ta ló ṣàdúrà sí i, ibo ló sì da omi rẹ̀ sí?