Òdo Tí Mo Sọ Di Ọgọ́rùn-ún

Akọ̀wé ìjọ ni mí ní Woolwich ní London nígbà yẹn, èmi ni mo sì ń kọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn tó bá kú. Kò sí òkú tó gba ọwọ́ mi kọjá tí kò di èèyàn rere. Ìgbéraga iṣẹ́ yìí ni mo gbé dé Thamesmead, níbi tí mo ti ń tọ́jú bàbá òyìnbó kan.

Ọmọ Australia ni bàbá náà. Ojú rẹ̀ ò ríran mọ́, ọpọlọ rẹ̀ náà ti ń gbàgbé nǹkan, ẹ̀rù ìyẹn sì ń bà á gan-an. Bàbá bàbá rẹ̀ ti gbá kíríkẹ́ẹ̀tì, eré bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá, fún Australia láyé ijọ́un. Ó fẹ́ kí n bá òun kọ ìtàn náà sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń bọ̀ láti ọ̀hún, kó tó pa rẹ́ lórí òun.

"Ṣé o mọ kíríkẹ́ẹ̀tì?"

"Dáadáa, sà."

Irọ́ ńlá. Mi ò mọ̀ ju pé wọ́n ń wọ aṣọ funfun bíi tiwa ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó ń sọ, mo ń kọ. Bàbá bàbá rẹ̀ ń rẹ́ irun àgùntàn, ó ń fi ọwọ́ òsì ju bọ́ọ̀lù, ó sì bì títí nínú ọkọ̀ ojú omi tó gbé wọn wá sí England. Lọ́jọ́ ìdíje tó le jù, bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni wọ́n jù sí i tó fi jáde láìgba àmì kankan. Òdo. Wọn ò pè é mọ́, ó padà sídìí àgùntàn rẹ̀.

Ọwọ́ mi kọ̀. Ṣé irú ìyẹn là ń kọ nípa baba ẹni? Mo kọ ọgọ́rùn-ún, mo fi àtẹ́wọ́ kún un, mo sì sọ ọ́ di díákónì.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ dé tó kà á sókè débẹ̀, bàbá gbórí sókè. "Ọgọ́rùn-ún? Ṣebí òdo ni. Bàbá bàbá mi fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́ fún mi, tá a jọ máa ń fi rẹ́rìn-ín."

"Ohun tó wà níbí nìyí, Daddy," ni ọmọ rẹ̀ rọra sọ, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ìyẹn náà ti lọ lórí mi nìyẹn." Bàbá fọwọ́ kan orí rẹ̀.

Ojú tì mí débi pé mo gbàgbé ìlú tí mo wà. Kí n tó mọ̀, orúnkún mi méjèèjì ti wà lórí kápẹ́ẹ̀tì.

Bàbá gbọ́ gbì. "Kí lò ń wá nílẹ̀?"

"Òdo bàbá bàbá yín ni, sà. Èmi ni mo gbé e sọ nù. Ẹ̀yin ò gbàgbé nǹkan kan."